Eégbọn wo ló wà lára ajá yín? Bí a ṣe ń dá eégbọn mọ̀ àti bí a ṣe ń tọpa rẹ̀ ní Abẹ́òkúta

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọbáńtokò ni mò ń gbé, oko mi sì wà lápá Ọdẹdá. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ajá mi méjèèjì ti ń gbé eégbọn wálé, mo sì já ọ̀kan kúrò ní itan ara mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn darandaran máa ń da màlúù gba ẹ̀gbẹ́ oko náà kọjá. Mo kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé eégbọn àjèjì kan ń ràn kiri, àti pé àrùn Lyme wà lára eégbọn. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó wà lára ajá mi, èyí tó jẹ́ àjèjì, àti ibi tí wọ́n ti ń wá? Mo ti fi kẹrosínì pa àwọn ajá náà lára, wọ́n tún padà wá.

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu itan o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé Lyme kúrò lọ́nà. Àwọn eégbọn tó ń gbé àrùn yẹn kiri ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ẹ̀yà Ixodes ni wọ́n, inú igbó olótùútù ni ilé wọn. Wọn kò sí ní Ọdẹdá. Haemaphysalis longicornis náà, tó ti ìhà ìlà oòrùn Éṣíà wá, tí wọ́n rí lára àgùntàn ní New Jersey lọ́dún 2017, tí ariwo rẹ̀ wá gba íntánẹ́ẹ̀tì kan, kì í ṣe ẹrù tiyín. Àwa ní àjèjì tiwa, a ó dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, ẹ jáwọ́ nínú fífi ẹsẹ̀ tẹ eégbọn pa. Eégbọn tó wà nínú ìgò, tí a kọ ọjọ́, ibi àti ẹran tí a ti já a sí i lára, ó lè sọ gbogbo ohun tí ẹ bèèrè fún yín. Èyí tí a ti tẹ̀ pa kò lè sọ nǹkan kan.

Ṣé eégbọn ni, akọ ni àbí abo?

Eégbọn tó ti dàgbà ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, kò ní ìyẹ́, kò sì ní ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ lórí bíi ti ìdun. Ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin ní ẹsẹ̀ mẹ́fà péré, kì í sì í tó mílímítà 1. Tí ọmọ yìí bá mu ẹ̀jẹ̀ tó yó, á bọ́ awọ, á di ọ̀dọ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí kò tíì lè yé ẹyin. Á tún mu ẹ̀jẹ̀, á tún bọ́ awọ, á wá di àgbà. Ẹ fi ipele mẹ́ta yìí sọ́kàn, nítorí a máa nílò rẹ̀ nígbà tí a bá ń tọpa. Tí ajá bá nírun púpọ̀, ẹ tú irun náà wò dáadáa kí ẹ tó fà. Orí ọmú ajá ti jìyà púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó rò pé eégbọn làwọn ń já.

Asà líle kan wà lẹ́yìn eégbọn. Asà akọ bo gbogbo ẹ̀yìn. Asà abo kò bò ju iwájú lọ, kí ìyókù ara lè ráyè wú bó bá ń mu ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí akọ fi máa ń wà ní pẹlẹbẹ nígbà tí abo ń wú bàǹbà. Abo tó yó yìí ni gbogbo èèyàn máa ń gbé wá fún àyẹ̀wò, torí òun ni ojú tètè ń rí, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣòro jù láti dá mọ̀. Ẹ bá wa wá akọ pẹ̀lú. Ó sábà máa ń wà nítòsí abo náà. Bí abo nìkan lẹ bá rí, ẹ má wo ikùn rẹ̀. Asà kékeré iwájú rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ wò, torí ìwọ̀nyẹn kì í yí padà bó ti wù kí ara wú tó.

Ohun èlò kò pọ̀: awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10, ẹ̀mú kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, rúlà, bébà funfun, àti kámẹ́rà fóònù. Ẹ ya eégbọn náà ní ẹ̀yìn, ní ikùn àti ní ẹnu, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú fọ́tò. Ẹ yà á kó tó wọ sípírítì, torí sípírítì máa ń pa àwọ̀ rẹ̀ rẹ́.

Àwọn tí ẹ lè bá pàdé

Èyí tó ṣeé ṣe jù kó wà lára ajá yín ni eégbọn ajá tí gbogbo ayé mọ̀, Rhipicephalus sanguineus. (Láti ọdún 2021 ni àwọn onímọ̀ ti ń pe ẹ̀yà tó wà nílẹ̀ gbígbóná ní Rhipicephalus linnaei. Bí ẹ bá rí orúkọ méjèèjì, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú.) Pupa rúsúrúsú ni láti orí dé ìdí, kò ní àbàwọ́n kankan. Tí kò bá tíì jẹun, ó tó nǹkan bíi mílímítà 3. Abo tó yó máa ń di àwọ̀ eérú, ó sì lè tó mílímítà 11 tàbí 12. Ẹnu rẹ̀ kúrú. Bí ẹ bá fi awò wo ibi tí ẹnu náà ti so mọ́ ara, igun mẹ́fà ló ní, igun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì yọ síta ṣóńṣó. Inú etí, ọrùn àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ajá ló máa ń há sí.

Ìkejì, Haemaphysalis leachi, wọ́pọ̀ lára ajá ọdẹ àti ajá tó ń wọ igbó. Àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ń lọ sí yẹ́lò. Kò ní ojú rárá, bẹ́ẹ̀ Rhipicephalus ní ojú pẹlẹbẹ méjì létí asà rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ yọ síta lápá ọ̀tún àti òsì, tí orí rẹ̀ fi dà bí onígun mẹ́ta. Kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹ má fojú kékeré wò ó. Òun ló ń gbé Babesia rossi, tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ ajá. Tí ajá bá kọ oúnjẹ, tí ara rẹ̀ gbóná, tí ìdí eyín rẹ̀ funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú rúsúrúsú, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni kí ó wà lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá di ọjọ́ kejì, ó lè ti pẹ́ jù.

Ìkẹta, Amblyomma variegatum, ni mo fura sí pé ó wà ní itan yín, torí òun ni màlúù, ewúrẹ́ àti àgùntàn wa máa ń gbé kiri jù, kò sì kọ ènìyàn. Ó tóbi, ẹnu rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ yọ róńdó, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú rúsúrúsú pẹ̀lú òrùka funfun. Akọ rẹ̀ rẹwà: asà rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn pípọ́n, àmì dúdú sì wà lórí rẹ̀. Abo ṣókùnkùn, àbàwọ́n kan ṣoṣo ló wà lórí asà rẹ̀. Tó bá yó, ó lè ju mílímítà 20 lọ, ó sì lè yé ẹyin tó 20,000. Àgbà wọn máa ń pọ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ọmọ àti ọ̀dọ́ wọn ló ń pọ̀ lẹ́yìn òjò wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn. Lára màlúù, ẹ wo igẹ̀, abíyá, ọmú àti àárín itan. Ojú ibi tó bá bù jẹ máa ń di egbò, àìsàn awọ tó ń so èèpá lára màlúù wa sì ń burú sí i níbi tí eégbọn yìí bá pọ̀ sí. Kòkòrò àrùn Dugbe, tí wọ́n sọ lórúkọ Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, lára eégbọn yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i lọ́dún 1964.

Hyalomma náà gùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n asà rẹ̀ dúdú rúsúrúsú, kò ní ọ̀ṣọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn pẹ̀lú àmì òrùka. Òun kì í jókòó dúró de ẹran. Ó máa ń sáré lé e. Ilẹ̀ gbígbẹ lókè Ọya ló fẹ́ràn jù, nítorí náà lára màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè wá sí ọjà Láfẹ́ńwá lẹ ti lè rí i ju inú oko yín lọ. Ẹ má fi ọwọ́ lásán tẹ èyí fọ́. Òun ló ń gbé ibà Crimean-Congo tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ènìyàn, wọ́n sì ti rí kòkòrò àrùn náà ní Nàìjíríà láti àwọn ọdún 1960.

Ti adìẹ yàtọ̀ pátápátá: Argas kò ní asà, ẹnu rẹ̀ sì pamọ́ sábẹ́ ara. Òru ló ń jẹun, ọ̀sán ló ń sá pamọ́ sínú ihò ògiri àti pákó. Tí ẹ kò bá sin adìẹ, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Àjèjì tiwa

Rhipicephalus microplus ni orúkọ rẹ̀. Éṣíà ló ti wá. Lọ́dún 2007 ni wọ́n rí i ní Côte d'Ivoire, lẹ́yìn náà ní Olómìnira Benin. Àwọn onímọ̀ fura pé màlúù olówó iyebíye tí wọ́n kó láti Brazil ló gbé e wọ ilẹ̀ wa. Ó dé Burkina Faso, ó dé Togo, lọ́dún 2017 sì ni ìròyìn àwọn onímọ̀ jáde pé ó ti wà ní Nàìjíríà. Ilẹ̀ gbígbóná tó lómi lára ló fẹ́ràn. Ìpínlẹ̀ Ògùn bá Benin pààlà láti Ìdìrókò dé Ìmẹ̀kọ, ẹran sì ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń gba ibẹ̀ jáde lójoojúmọ́. Eégbọn fúnra rẹ̀ kò lè rìn jìnnà. Ẹsẹ̀ màlúù ló fi ń rìn. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé kò sí nítòsí wa, màá bèèrè ẹni tó wá a tí kò rí i.

Ohun tó mú un le ju ìbátan rẹ̀ ti ilẹ̀ wa, R. decoloratus, ni pé ó lè gbé Babesia bovis, kòkòrò tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ màlúù, èyí tí ti ilẹ̀ wa kì í gbé, àti pé ó máa ń yára di ẹni tí oògùn kò ràn mọ́. Orí màlúù kan ṣoṣo ló ti ń dàgbà láti ọmọ dé àgbà, láàárín nǹkan bí ọjọ́ 21. Nítorí náà ìran kan ń tẹ̀ lé òmíràn kíákíá, gbogbo wọn ló sì ń fara kan oògùn tí a bá fín.

Báwo lẹ ṣe máa dá a mọ̀? Pẹ̀lú ojú, ẹ kò lè dá a mọ̀ tán, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ohun tí ojú lè sọ ni pé ó wà nínú ìdílé eégbọn búlúù: ẹnu kúkúrú bọ́gbọ́, ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ wàrà, etí ìdí tí kò pín wẹ́lẹwẹ̀lẹ bíi ti eégbọn ajá, abo tó yó sì ní àwọ̀ eérú tó fẹ́ jọ búlúù. Ní Nàìjíríà, decoloratus, annulatus, geigyi àti microplus ló wà nínú ìdílé yìí. Abẹ́ maikirosíkóòpù ni wọ́n ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Eyín tó wà lórí ahọ́n ẹnu decoloratus tò ní ìlà 3 lápá ọ̀tún àti 3 lápá òsì; ti microplus tò ní 4 àti 4. Annulatus náà ní 4 àti 4, ṣùgbọ́n akọ microplus ní ìrù kékeré kan ní ìdí tí akọ annulatus kò ní. Nígbà míì àyẹ̀wò DNA ló máa ń parí ọ̀rọ̀. Ẹ rí i pé akọ ló tún gbé ẹ̀rí lọ́wọ́ níhìn-ín. Akọ náà kéré, kì í ju mílímítà 2 tàbí 3 lọ, abẹ́ ikùn abo ló sì sábà máa ń fara pamọ́ sí. Ẹni tó bá já abo nìkan ti fi ìdajì ẹ̀rí sílẹ̀ lára màlúù.

Ìdílé yìí kì í sábà gun ajá. Fún ìdí èyí, bí ẹ bá ń wá àjèjì, ara ajá kọ́ lẹ ó ti rí i. Ara màlúù àti orí koríko tí màlúù ń jẹ ni.

Fífà á yọ, fífi í pamọ́

Ẹ fi ẹ̀mú di ẹnu eégbọn mú níbi tó ti wọ awọ gan-an, kì í ṣe ikùn rẹ̀. Ẹ fà á sókè tààrà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìyí i, láìfà á tu lójijì. Kẹrosínì, iná ìṣáná, òrí àti ata kò wúlò. Wọ́n ń dá eégbọn lóró kó tó kú, ó sì lè tú ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ẹni náà kó tó jábọ́. Bí ẹnu rẹ̀ bá kù sínú awọ, kì í hù di eégbọn mìíràn. Awọ á tì í jáde. Ẹ fi ọṣẹ fọ ojú rẹ̀ àti ọwọ́ yín.

Fún itan yín: ẹ ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ibà eégbọn ilẹ̀ Áfíríkà, tí Rickettsia africae ń fà, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 5 sí 10. Orí fífọ́, ara ríro àti ara gbígbóná ni, kókó á wú ní abẹ́ itan, ojú ibi tó bù jẹ á sì so èèpá dúdú. Gbogbo èyí, yàtọ̀ sí èèpá dúdú náà, jọ ibà ẹ̀fọn, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń gbé oògùn ibà mì láìsí ìtura. Ẹ sọ fún dókítà pé eégbọn bù yín jẹ, kí ẹ sì fi èèpá náà hàn án. Doxycycline ni wọ́n sábà máa ń fi tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ni kó kọ ọ́ fún yín.

Ìgò kékeré kan fún ẹran kan. Ẹ má da ti ajá méjèèjì pọ̀. Sípírítì láti ọ̀dọ̀ akẹ́míìsì tó láti fi mọ ẹ̀yà. Bí ilé àyẹ̀wò bá máa wo DNA, ẹ bèèrè ethanol gidi tó lé ní 90% lọ́wọ́ wọn. Kí eégbọn má ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò lọ, kí sípírítì lè wọ̀ wọ́n lára. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ bébà pélébé kan, kí ẹ sì sọ ọ́ sínú ìgò náà fúnra rẹ̀: ọjọ́, ibi, irú ẹran, ibi tó wà lára ẹran náà. Bírò máa ń ṣí nínú sípírítì, bébà tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìgò sì máa ń já. Ọ̀pọ̀ ìgò tó dára ló ti di aláìwúlò nítorí bírò.

Níbo ni wọ́n ti ń wá?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ajá. Eégbọn pẹlẹbẹ tó ṣì ń rìn kiri nínú irun ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn ún ni. Èyí tó ti wú ti wà lára rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí náà oko tí ẹ lọ lónìí kọ́ ló fún un. Lẹ́yìn náà ẹ wo ipele. Tí ẹ bá rí ọmọ, ọ̀dọ́ àti àgbà eégbọn ajá lára ajá kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilé yín ni wọ́n ti ń wá. Eégbọn ajá nìkan, nínú gbogbo èyí tí mo dárúkọ fún ajá, ló lè gbé gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ nínú ilé ajá àti pálọ̀. Tó bá sì jẹ́ àgbà Haemaphysalis nìkan lẹ rí, igbó ni. Ara eku igbó ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń jẹun. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ fi ajá kan sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ máa mú ìkejì lọ oko. Eégbọn pẹlẹbẹ tuntun lára èyí tó jókòó sílé ti dá yín lóhùn.

Fún oko, ẹ lo aṣọ. Fúlánẹ́ẹ̀lì tàbí táwẹ́ẹ̀lì funfun, mítà 1 ní ìbú, mítà 1 ní gígùn, ọ̀pá lẹ́tí iwájú, okùn lára ọ̀pá náà. Ẹ máa wọ́ ọ lórí koríko díẹ̀díẹ̀; lẹ́yìn mítà 10 kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró, ẹ yí i padà, ẹ wo ojú méjèèjì. Ẹ ṣe é ní ìgbà 10 fún ibì kan. Ẹ fi sẹ́lótéèpù mú àwọn ọmọ tó bá dì mọ́ ọn, torí wọ́n kéré jù fún ẹ̀mú. Òwúrọ̀, lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ, ló dára jù. Aṣọ tó bá tutù kì í mú nǹkan kan. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun, kí ẹ sì ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò sínú rẹ̀.

Ẹ yan ibi mẹ́rin, kí ẹ má pààrọ̀ wọn: ojú ọ̀nà tí màlúù ń gbà, abẹ́ igi tí wọ́n ti ń sinmi lọ́sàn-án, etí omi, àti ibì kan tí màlúù kì í dé rárá. Ìkẹrin yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ láìsí rẹ̀ ẹ kò ní mọ̀ bóyá màlúù ló ń gbé wọn wá. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó kéré tán láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí dé ọyẹ́. Nínú ìwé yín, ẹ kọ ọjọ́, àkókò, ibi (fóònù lè fún yín ní nọ́ńbà ibẹ̀ gan-an), ojú ọjọ́, àti iye ọmọ, ọ̀dọ́, akọ, abo. Bí ẹ kò bá rí ìkankan, ẹ kọ òdo. Ojú ewé tó ṣófo kò fi hàn bóyá ẹ lọ àbí ẹ kò lọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé aṣọ kò mú nǹkan kan, wọ́n sì ní oko mọ́. Aṣọ ń mú àwọn tó ń gun orí koríko dúró de ẹran, pàápàá àwọn ọmọ. Àgbà Amblyomma àti Hyalomma máa ń wà nílẹ̀ lábẹ́ ewé gbígbẹ títí wọ́n á fi gbọ́ òórùn èémí ẹran. Fún àwọn wọ̀nyí, ẹ tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ lábẹ́ igi tí màlúù ti ń sinmi, ẹ dúró sórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ máa wo etí rẹ̀. Tí wọ́n bá wà, wọ́n á máa rìn bọ̀ wá bá yín.

Ẹ bá àwọn darandaran náà sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kaska ni Hausa ń pe eégbọn, ẹ ní ẹ fẹ́ já díẹ̀ lára màlúù wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lára màlúù ni kí ẹ kà, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Fún ìdílé eégbọn búlúù, ẹ ka àwọn abo tó wà láàárín mílímítà 4.5 sí 8 nìkan; àwọn tó máa jábọ́ láàárín ọjọ́ kan nìyẹn, wọn sì fi iye tó ń wọ inú oko lójoojúmọ́ hàn.

Àwọn ìgò tó bá jọ ìdílé yìí, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ní FUNAAB (yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀), lọ́nà Alábàtà, pẹ̀lú ẹ̀dà ojú ìwé yín. Ẹ sọ fún wọn pé microplus lẹ fura sí, kí wọ́n lè wo eyín àti ìrù akọ.

Kí ló dé tí kẹrosínì kò fi ràn wọ́n?

Kẹrosínì ń jó awọ ajá, ajá sì ń lá a. Kọ́ńdẹ́mù ọ́ìlì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dichlorvos, tí gbogbo ìlú ń pè ní Sniper, lè pa ajá náà, ó sì lè ṣe ẹni tó fi pa á lára. Ká tilẹ̀ ní ẹ pa gbogbo èyí tó wà lára ajá, ìwọ̀nba lẹ pa. Abo tó yó ti já bọ́, ó ti gun ògiri, ó ti yé ẹyin tó lè tó 4,000 sínú ihò kan lókè. Eégbọn ajá fẹ́ràn òkè, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ilé ajá nìkan ni àwọn èèyàn ń fín. Ọ̀sẹ̀ méjì sí márùn-ún ni ẹyin náà fi máa ń pa, àgbà tí kò sì rí ẹran jẹ lè dúró dè é fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ tọ́jú ajá àti ilé rẹ̀. Ẹ sun àkísà tó ń sùn lé, ẹ fi sìmẹ́ńtì dí ihò ògiri, ẹ da omi híhó sí àwọn kọ̀rọ̀, ẹ sì fín oògùn láti ilẹ̀ dé ibi tí páànù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì fún oṣù mẹ́ta. Fún ajá, amitraz ló wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n kọ 12.5% sí lára, mílílítà 2 sí lítà omi kan ni. Ẹ fi sírínjì wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ìdérí ìgò díwọ̀n. Ẹ pò ó lọ́jọ́ tí ẹ máa lò ó, ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́ ajá lára láìfi omi ṣàn án, kí ẹ má gbàgbé inú etí àti àárín ìka ẹsẹ̀. Ajá ọmọ ọwọ́ àti èyí tó lóyún, ẹ bi dókítà ẹran kọ́kọ́. Ẹ má fi pa ológbò lára láé.

Ẹ̀yin tó ní màlúù, ìwọ̀n omi ló sábà ń da ọ̀rọ̀ yín rú: wọ́n á fín lítà kan sára màlúù ńlá, ọmú àti abẹ́ ìrù kò ní í kàn án, wọ́n á ní oògùn ti bàjẹ́. Bí ẹ bá fín in dáadáa tí ẹ ṣì ń rí abo tó wú lẹ́yìn ọjọ́ 7, ẹ fi ìbọ̀wọ́ já 20. Ẹ ri 10 sínú oògùn tí ẹ pò fún ìṣẹ́jú 30, ẹ ri 10 sínú omi lásán, ẹ nù wọ́n gbẹ, kí ẹ fi aṣọ bo ife méjèèjì fún ọjọ́ 7. Bí àwọn ti inú oògùn bá ń yé ẹyin bíi ti inú omi, oògùn náà kò ràn wọ́n mọ́. Ìdílé oògùn mìíràn ni kí ẹ bèèrè, kì í ṣe èyí tó pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ẹ da sípírítì lé gbogbo wọn lórí, ẹyin pẹ̀lú.

Ní tiyín, ẹ máa ka àwọn ajá méjèèjì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹ ti ń wọ́ aṣọ lóko. Bí iye tó wà lóko bá ń dínkù nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, tí ti ara ajá sì dúró síbi tó wà, ẹ gun àkàbà kí ẹ tún wo òkè ògiri ilé ajá.